Àkísà Ọmọdé: A Tún Fíìmù The True Cost Wò

Síìpù gáùn àbúrò wa obìnrin ló já, ẹ̀ẹ̀kejì tó máa wọ̀ ọ́ sì nìyẹn. Orí fóònù ló ti rà á ní dọ́là 9, láti ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà kó tó dé. A gbé e lọ sọ́dọ̀ màmá télọ̀ tó wà ní ìparí òpópónà wa. Màmá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fa ojú ibi tí wọ́n ti rán an, òwú sì ń yọ tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Ó nawọ́ sí àpò ńlá kan lábẹ́ maṣíìnì rẹ̀, àpò tó kún fún aṣọ tí àwọn ọmọ àdúgbò gbé wá fún àtúnṣe tí wọn ò padà wá gbà mọ́.

"Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ta ló sọ ìyẹn? Ẹ wá wo àkísà ọmọdé níbí."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá wa délé. Ọ̀rọ̀ àkókò ni òwe yẹn ń sọ. Ẹni tó bá lówó lè ra aṣọ ogún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sí bó ṣe lè ra àkísà. Aṣọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ti ìmúròde, kó di ti ilé, kó di ti oko, kí wọ́n tó wá fa á ya, kí wọ́n máa fi nu ìdí ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi lè fi àkísà yangàn. Tí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún bá wá ní àkísà tó kún àpò báyìí, ẹnì kan ti mú àkókò kúrò nínú aṣọ. Òyìnbó ń pe irú aṣọ yìí ní fast fashion. Màmá télọ̀ ò mọ̀yẹn. Aṣọ wọ̀-ọ́-sọ-ọ́-nù lòun pè é.

Alẹ́ ọjọ́ náà la tún The True Cost wò. Ọdún 2015 ni fíìmù náà jáde, Andrew Morgan, ọmọ Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀. A ò tíì pẹ́ púpọ̀ nídìí iṣẹ́ nígbà tí a kọ́kọ́ wò ó, omi bọ́ lójú wa, a sì búra pé a ò ní ra aṣọ ọ̀pọ̀ mọ́ láyé. Ẹ má bi wá léèrè bí ìbúra náà ṣe parí. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ló bí wa, a sì tún bínú díẹ̀ sí fíìmù náà fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní òun máa sọ iye tí aṣọ náwó gan-an fún wa. Owó ló ń kà jù lọ, nígbà tó jẹ́ pé àkókò ni wọ́n jí.

Ibi tí fíìmù náà ti lágbára jù ni Bangladesh. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹrin, ọdún 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza wó ní Savar, lẹ́bàá Dhaka. Èèyàn 1,134 ló kú, àwọn tó fara pa lé ní 2,000. Ilé náà ò dédé wó o. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni ògiri ti la, tí gbogbo èèyàn sì rí i. Báǹkì tó wà nínú ilé náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun jókòó sílé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ tìlẹ̀kùn. Àwọn tó ń ránṣọ lókè nìkan ni wọ́n pàṣẹ fún láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé kí wọ́n wọlé, pé ẹni tí kò bá wọlé, kó má retí owó oṣù rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù nígbà náà ò ju táàkà 3,000 lọ, ìyẹn ò tó dọ́là 40.

Kí ló dé tí báǹkì fi lè dúró dọ̀la, tí ilé ìránṣọ ò lè dúró? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí fíìmù náà jókòó tì. Ẹrù tí wọ́n ń rán ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Tí ọjọ́ yẹn bá yẹ̀, olùrà tó wà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà lè gé owó wọn, tàbí kó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wá lówó ara wọn, kí èrè sì di gbèsè. Ẹni tó fi ọjọ́ sí ẹrù náà ò sí nítòsí ògiri tó la, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó la. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó fi sí i ló lé àwọn èèyàn yẹn gun àtẹ̀gùn láàárọ̀.

Obìnrin kan wà nínú fíìmù náà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Shima. Òṣìṣẹ́ ilé ìránṣọ ni ní Dhaka, ó sì ní ọmọbìnrin kékeré kan. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sínú ìwé, wọ́n fún àwọn ọ̀gá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n sì lù wọ́n. Ó sọ ọ́ láìpariwo, bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò. Ohun tó gbá wa láyà jù ni ìrìnàjò rẹ̀ sí abúlé. Ó gbé ọmọ náà lọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n máa bá òun tọ́ ọ, nítorí iṣẹ́ ò fún un láyè láti tọ́mọ nílùú. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún ni yóò máa fojú kàn án. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, fíìmù náà fi owó sílẹ̀, ó ka ohun tó yẹ kó kà: ọdún ìgbà èwe ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ò ní rí.

Kò dúró níbẹ̀. Ó ti sáré lọ sí Texas lọ wo oko òwú, ó ti dé Punjab nítorí oògùn apakòkòrò, ó ti dé Kanpur níbi tí omi ilé iṣẹ́ awọ ti ń ṣàn wọ odò Ganga, ó ti dé Cambodia níbi tí àwọn agbófinró ti yìnbọn sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń béèrè àfikún owó ní oṣù Kìíní ọdún 2014. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ẹbí lọ́jọ́ ọdún kan ṣoṣo. Ó bẹ́ sílé, ó ní "ẹ kú ọdún," ó ti jáde. Orin tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ò jẹ́ ká mí. Gbogbo ìgbà tí ojú ẹnì kan bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, fayolíìnì á ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

Wọ́n mú onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan wá, Benjamin Powell, tó ní iṣẹ́ inú ilé ìránṣọ wọ̀nyí sàn ju ohun mìíràn tí àwọn tálákà yìí ì bá máa ṣe lọ. Fíìmù náà gbé e kalẹ̀ bí ẹni tí a ó kàn fi rẹ́rìn-ín. Àwa ò rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun ẹ̀rín, nítorí a máa ń gbọ́ ọ ní Èkó náà: "Àbí kí wọ́n jókòó sílé?" Ó yẹ ká dáhùn. Ìdáhùn sì wà nínú fíìmù kan náà. Shima ò ní kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa. Ó ń béèrè pé kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Lẹ́yìn Rana Plaza, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ńláńlá tọwọ́ bọ àdéhùn kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Accord, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Àdéhùn tí wọ́n lè fi gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ ni. Ìyẹn ló gbé àwọn ayẹ̀léwò wọ inú ilé ìránṣọ tí wọ́n ń wo ògiri, wáyà iná àti ilẹ̀kùn àbáyọ. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù wá di táàkà 12,500 ní ìparí ọdún 2023, ìwọ́de ló ṣáájú rẹ̀, ẹ̀mí sì bá ìwọ́de náà lọ. Omijé àwa tí a ń wo fíìmù ò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ìdí nìyẹn tí ìparí fíìmù náà ò fi wọ̀ wá létí. Ó kọjú sí ẹni tó ń rà, pé kó ronú kó tó ra. Àpẹẹrẹ rere tó fi hàn wá ni People Tree, ilé-iṣẹ́ kan tó ń san owó tó yẹ fún àwọn aránṣọ rẹ̀ nígbà náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra aṣọ wọn? Gbogbo aṣọ tí a wọ̀ ní yunifásítì, òkìríkà ni. Nígbà yẹn, Katangua là ń lọ láàárọ̀ kùtù, ká lè bá wọn níbi tí wọ́n ti ń já bélì, tàbí Yaba tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwa là ń wọ aṣọ yìí kẹ́yìn, fíìmù náà ò sì bá wa sọ̀rọ̀. Haiti nìkan ló yà sí ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọ àlòkù, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni. Ó ní ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún aṣọ tí wọ́n ń fi tọrẹ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Ó yẹ kó bi olówò kan léèrè bí bélì ṣe rí kó tó já a.

Bélì, ojú dídì ni wọ́n ń rà á. Òfin Nàìjíríà ò gbà kí aṣọ àlòkù wọlé, ṣùgbọ́n Kùtọnu ò jìnnà, ẹrù sì ń wọlé. Ẹni tó bá fi owó àjọ ra bélì, tó wá bá a pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ pétépèté tó ti fẹ́ ya, ta ló fẹ́ dá a padà fún? Obìnrin kan tí a máa ń ra ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń fi àtàńpàkò fọwọ́ ra aṣọ kó tó fi lé orí òkìtì, á ní, "Tẹ́lẹ̀, aṣọ òyìnbó ń ki. Aṣọ ìsinsìnyí, afẹ́fẹ́ ni." Ní Accra, níbi tí ọjà Kantamanto wà, wọ́n máa ń pe aṣọ yìí ní obroni wawu, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú. Wọ́n gbà pé aṣọ tó ki báyìí, olúwa rẹ̀ ò lè fi sílẹ̀ láàyè. Lónìí òyìnbó náà wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó kàn ti sú u láàárín oṣù méjì ni. Èyí tí kò ṣeé tà nínú rẹ̀ ń bá gọ́tà lọ sí etí òkun, ó ń di okùn gìrìwò nínú iyanrìn, tí àwọ̀n apẹja sì ń bá òun ni gbé e sókè.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí àkísà yìí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi wà. Òwú ni aṣọ màmá àgbà wa. Nígbà tó gbó, ó di ọ̀já, ó di ìlédìí ọmọ, ó di òṣùká, wọ́n fa á ya fún òwú àtùpà, èyí tó kù wọ ilẹ̀, ilẹ̀ sì jẹ ẹ́. A ò ní purọ́ pé òwú ò lẹ́bi. Àjọ WWF fojú bù ú pé ṣẹ́ẹ̀tì òwú kan ń gba nǹkan bí lítà omi 2,700, àwọn tó sì darí odò méjì sínú oko òwú ní Uzbekistan àti àwọn àdúgbò rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 ló sọ òkun Aral di aṣálẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ti ń pata lórí iyanrìn. Ṣùgbọ́n gáùn dọ́là 9 yìí, a wo ohun tí wọ́n kọ sí ọrùn rẹ̀: pólísítà, 100 nínú 100. Epo rọ̀bì ni pólísítà. Ó ti lé ní ìdajì gbogbo òwú tí ayé ń hun báyìí. Tí a bá ń fọ̀ ọ́, ó ń já fínnífínní sínú omi, ohun tí ojú ò rí, ẹja á sì gbé e mì. Tí ó bá ya, kò ṣeé lò fún àkísà pàápàá. A dán an wò: a da omi sílẹ̀ ní kíṣìnnì, a fi apá kan pólísítà nù ún. Ó kàn ń ti omi kiri ni. Aṣọ tí kò ní ọjọ́ ogbó, kò sì ní ọjọ́ ikú. Ilẹ̀ ò mọ ohun tó máa fi í ṣe.

Ohun kan wà tí fíìmù ọdún 2015 ò lè rí, a ò sì fi ìyẹn bá a wí. Nínú rẹ̀, wọ́n fi ìyàlẹ́nu sọ pé ìgbà méjì lọ́dún ni aṣọ tuntun ń jáde tẹ́lẹ̀, pé ó ti di ìgbà 52. Ta ló ń ka ọ̀sẹ̀ mọ́? Lórí Shein, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aṣọ tuntun ló ń jáde lójúmọ́ kan. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, nítorí èdè wa ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n á gbé aṣọ kan jáde, ọgọ́rùn-ún tàbí igba péré. Kọ̀ǹpútà á máa ṣọ́ wa: ta ló tẹ̀ ẹ́, ta ló dúró wò ó, ta ló fi sínú apẹ̀rẹ̀ tó sì yọ ọ́. Tí ó bá ń tà, àṣẹ á lọ sí àwọn ilé ìránṣọ kéékèèké pé kí wọ́n rán sí i, kíá. Tí kò bá tà, ó ti kú. Lójú àwa tí a ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ náà mọ́ gaara. Kò sí ẹrù tó ń rà nínú ilé ìkẹ́rùsí, kò sí ìfojúsọ́nà tó kùnà. Olùkọ́ tó bá rí i á fún un ní máàkì tó gbayì.

Ṣùgbọ́n ní Guangzhou, ní agbègbè Panyu, ẹnì kan ló ń gba àṣẹ yẹn. Ní ọdún 2021, àjọ Public Eye ti ilẹ̀ Switzerland lọ síbẹ̀, wọ́n bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 75 lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń sinmi ọjọ́ kan lóṣù, tí wọ́n ń gbowó lórí iye aṣọ tí wọ́n bá rán. Wọ́n padà lọ lẹ́yìn ọdún méjì, wákàtí náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Báwo ló ṣe máa yàtọ̀? Kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ ò sùn, ẹni tó ń gba owó lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan ò sì lè sọ pé ó ti rẹ òun.

A lè sọ̀rọ̀ nípa Ṣáínà títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìyẹn ò le. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a bá ilé ìtajà aṣọ kan ṣiṣẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń tajà, a ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí a kọ ọ́ ní pupa lábẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan pé ó ku mẹ́ta péré. Iye yẹn ò wá láti ilé ìkẹ́rùsí. Kóòdù ìlà méjì ló ń yọ nọ́ńbà kan láàárín 2 sí 5, bó bá ṣe bọ́ sí i. A tún kọ aago kan tó ń kà sẹ́yìn láti ìṣẹ́jú 15, pé ẹ̀dínwó fẹ́ parí. Tí ẹ bá ti ojú ìwé náà pa, tí ẹ tún un ṣí, aago á tún bẹ̀rẹ̀ láti 15. Àwa la kọ ọ́. Ọjà tà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa nínú ìpàdé, wọ́n sì fi jollof àti adìyẹ dá wa lọ́lá.

Nínú àkọsílẹ̀ tí a ṣe fún aṣọ kọ̀ọ̀kan, àyè wà fún àwọ̀, fún ìwọ̀n, fún iye owó, fún iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò sí àyè fún ẹni tó rán an. Kò sẹ́ni tó ní ká má fi sí i. Kò sẹ́ni tó rántí ni, títí kan àwa. Aago tí a kọ láti fi lé ẹni tó ń rà, kò wá sí wa lọ́kàn pé ẹlòmíràn ló máa sáré lábẹ́ rẹ̀. Fíìmù náà fi àwọn ọmọbìnrin orí YouTube hàn, tí wọ́n ń tú àpò ọjà sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà, a sì máa ń mi orí sí wọn. Ó yẹ kí kámẹ́rà náà yí díẹ̀, kó rí ẹni tó kọ aago.

Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, ilé wa náà ò mọ́. Aṣọ ẹbí mélòó la ti wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ayẹyẹ ọjọ́ Sátidé, wọ́n gbé aṣọ wá ní ọjọ́ Ọjọ́rú, télọ̀ ò sun oorun ọjọ́ méjì, àwa la sì tún ń bú u pé ó fi ọwọ́ ìyà rán an. Ìyàtọ̀ kan ṣá ló wà níbẹ̀: a mọ ilé télọ̀ náà, ó sì mọ bó ṣe ń bú wa padà.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, a lọ gba gáùn náà. Màmá ti tú síìpù rẹ̀, ó ti fi òmíràn sí i, ó sì ti fi maṣíìnì gba gbogbo ojú ìránṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé a rán an. Ó ní kí a sọ iye tí wọ́n rà á. A sọ ọ́. Ó gbé jígí rẹ̀ wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka: yáàdì mẹ́rin, síìpù, òwú, láínì inú rẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀ọ̀dá kọ̀ǹpútà, ó ti kọjá iye tẹ́ ẹ dá yìí, mi ò tíì dé orí iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n tún gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹni tó rán an wá ńkọ́? Kí ló gbà?"

A ò lè dáhùn. Ó gbọn gáùn náà, ó ká a, ó fi sínú ọ̀rá dúdú, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lowó iṣẹ́ òun. A ò bá a dúnàá-dúrà.